Eèmọ́ Inú Ẹ̀jẹ̀

Ẹni tó bá ń ti Ìbàdàn lọ sí Ilé-Ifẹ̀ yóò kan Ìkirè lọ́nà. Òórùn dòdò Ìkirè ni yóò kọ́kọ́ kí i, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n rà tí wọ́n pò mọ́ ata àti iyọ̀, tí wọ́n sì dín nínú epo títí tó fi dúdú. Kò jìnnà sí ibẹ̀ ni Àpòmù. Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ ní Àpòmù, tí ẹ bá onílé kan dé ìdí kòkó rẹ̀, ẹ wo ẹsẹ̀ ṣòkòtò yín nígbà tí ẹ bá ń padà bọ̀. Eèmọ́ á ti kún un.

Eèmọ́ kò lẹ́sẹ̀, kò níyẹ̀ẹ́, síbẹ̀ ó ń rìnrìn-àjò. Ìkọ́ wínníwínní tó yí èso rẹ̀ ká ló fi ń di ohun tó bá ń kọjá lọ mú. Ṣùgbọ́n kì í di gbogbo nǹkan mú. Ó ń yọ̀ bọ́ lára bàtà rọ́bà, ó sì ń wọ inú aṣọ òwú ṣinṣin. Ìlẹ̀mọ́ra gba ẹni méjì: ẹni tó ní ìkọ́, àti ẹni tó ní ibi tí ìkọ́ náà yóò gbé mú.

Irú ìkọ́ bẹ́ẹ̀ wà lára àwọn sẹ́ẹ̀lì wa. Bí kò bá sí i, ara ènìyàn ì bá tú ká bí iyanrìn gbígbẹ. Òun ló so awọ ara pọ̀, òun ló jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ dúró ní ẹ̀dọ̀. Bí ẹ̀gún bá gún yín lẹ́sẹ̀, òun ni ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ fi ń dá àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun dúró, kí wọ́n lè jáde lọ bá ìdọ̀tí tó wọlé jà. Èròjà ìlẹ̀mọ́ra ni màá máa pè é nínú orí yìí. Ọ̀rẹ́ wa ni. Ṣùgbọ́n lára àwọn ọmọ wa tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, tí a tún ń pè ní síkúlà, ọ̀rẹ́ yìí ti di ọ̀tá, àwọn eku kékeré tó wà ní yàrá ìwádìí ló sì jẹ́ kí a mọ̀.

Kò sí ìlú kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò mọ àrùn náà, ìbáà ṣe orúkọ mìíràn ni wọ́n ń pè é. Ọmọ tó ń ké pé eegun ń dun òun lónìí, tó ń ṣeré lọ́la, tí ojú rẹ̀ ń pọ́n bí òróró, tó sì kú kó tó mọ ilé ìwé, tí àbúrò rẹ̀ tún tọ ipa ọ̀nà kan náà, àbíkú ni àwọn baba wa pè é. Wọ́n sọ ọ́ ní Málọmọ́, wọ́n sọ ọ́ ní Dúrójayé, wọ́n gé òkú rẹ̀ lára kó má baà padà wá. Kì í ṣe gbogbo àbíkú ni àrùn yìí pa. Ibà àti ìgbẹ́ gbuuru pa púpọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ló pa ọ̀pọ̀, ọmọ náà kò sì mọwọ́ mẹsẹ̀. Mo fẹ́ kí gbogbo ìyá tó bá ka ìwé yìí mọ èyí dájú.

Ní 1910, dókítà kan ní Chicago, James Herrick, kọ nípa akẹ́kọ̀ọ́ kan láti erékùṣù Grenada tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa rẹ̀ tẹ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́ bíi dòjé. Ní 1949, Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé inú hemoglobin, èròjà tó ń gbé afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀, ni àṣìṣe náà wà. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló yí padà nínú ìtọ́ni tí ara fi ń ṣe é. Ẹni tó gba ìtọ́ni yìí lọ́dọ̀ bàbá nìkan tàbí ìyá nìkan ni AS, ara rẹ̀ sì dá ṣáṣá. Ẹni tó gbà á lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì ni SS. Láàrin Yorùbá, a tún ní àṣìṣe hemoglobin mìíràn, C, ó sì wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa ju ọ̀dọ̀ àwọn Igbo lọ. Bí AS bá fẹ́ AC, wọ́n lè bí SC, àrùn náà ni òun náà. Nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin, nǹkan bí ẹnì kan ní AS, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 150,000 ọmọ ni a ń bí pẹ̀lú àrùn yìí ní orílẹ̀-èdè wa lọ́dọọdún.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìrísí dòjé yẹn ni gbogbo ayé tẹjú mọ́. Ilé-Ifẹ̀ kò gbẹ́yìn. Ní 1971, Abáyọ̀mí Ṣófowórà àti Isaacs ní Yunifásítì Ifẹ̀ kọ̀wé pé omi gbòǹgbò orin àta, orin tí àwọn àgbà wa ń rún láàárọ̀, ń mú kí sẹ́ẹ̀lì tó ti tẹ̀ padà di róbótó nínú ìgò àyẹ̀wò. Mo ka iṣẹ́ yẹn sí ọ̀kan nínú àwọn tó yẹ kí ọmọ ilé ìwé wa gbogbo mọ̀. Ohun tí àwọn ará ilé wọn ń fi fọ eyín ni wọ́n gbé lọ sábẹ́ awò, wọn kò dúró kí ẹnì kan láti òkèèrè wá sọ fún wọn pé ó níyì.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ṣì ń jà. Bó bá jẹ́ pé títẹ̀ nìkan ni, kí ló dé tí ìrora kì í fi í wà ní gbogbo ìgbà? Kí ló dé tí SS kan ń wọ ilé ìwòsàn lóṣooṣù, tí èkejì rẹ̀ ń lò tó ọdún méjì láìmọ ọ̀nà ibẹ̀, tí sẹ́ẹ̀lì àwọn méjèèjì sì ń tẹ̀ bákan náà lábẹ́ awò?

Àkókò ló tú àṣírí. Sẹ́ẹ̀lì pupa kì í tẹ̀ lójú ẹsẹ̀ tó bá gbé afẹ́fẹ́ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Ó ń gba àkókò díẹ̀ kí hemoglobin inú rẹ̀ tó so pọ̀ di ọ̀pá. Iṣan tó tín-ín-rín jù lọ nínú ara kò sì gùn. Bí ọ̀nà bá dán, sẹ́ẹ̀lì náà á ti gbà á kọjá, á ti kọrí sí ẹ̀dọ̀fóró lọ gba afẹ́fẹ́ tuntun kó tó ráyè tẹ̀. Bí nǹkan kan bá dá a dúró lójú ọ̀nà ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ní 1980, Robert Hebbel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Minnesota fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì pupa àwọn aláìsàn yìí ń lẹ̀ mọ́ ògiri iṣan ju ti ẹlòmíràn lọ, àti pé ẹni tí sẹ́ẹ̀lì tirẹ̀ ń lẹ̀ jù ni àrùn ń bá jà jù. Eèmọ́ ti wọ ọ̀rọ̀. Ó wá ku kí a mọ èwo nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìkọ́ ara ògiri náà ló jẹ̀bi, ọwọ́ lásán kò sì lè yẹ ìkọ́ tí ojú kò rí wò.

Nígbà tí ọjà Àpòmù jẹ́ oríta tí ará Ọ̀yọ́, ará Òwu, ará Ifẹ̀ àti ará Ìjẹ̀bú ti ń pàdé, ilà ojú ni ènìyàn fi ń mọ ẹni tó dúró níwájú rẹ̀. Onípélé kò jọ alábàjà, alábàjà kò jọ onígọ̀ǹbọ́. Sẹ́ẹ̀lì náà nílà. Ilà oríṣiríṣi ló wà lára rẹ̀, èròjà ìlẹ̀mọ́ra kọ̀ọ̀kan sì ní tirẹ̀. Ara wa ní àwọn tó ń ka ilà yìí: ántíbọ́dì ni wọ́n. Nígbà tí kòkòrò àrùn bá wọlé, àwọn kan nínú sẹ́ẹ̀lì funfun máa ń tú ántíbọ́dì jáde, ántíbọ́dì kọ̀ọ̀kan sì mọ ilà kan ṣoṣo láyé. Bó bá ti rí i, á dì mọ́ ọn, á sì bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹ wo ohun tí onímọ̀ lè fi ìyẹn ṣe. Bí mo bá ní ántíbọ́dì tó mọ ìkọ́ kan nìkan, mo lè kun ún ní àwọ̀ kí n fi mọ ibi tí ìkọ́ náà wà. Mo sì lè dà á sínú ẹ̀jẹ̀ kó bo ìkọ́ náà, kí n wá wò bóyá ìlẹ̀mọ́ra dáwọ́ dúró. Bó bá dáwọ́ dúró, mo ti mú olè. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé àdàlù ni ara ń pèsè, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ántíbọ́dì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ ilà tirẹ̀. Ẹni kan lè fẹ́ ya sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ẹyọ kan ṣoṣo sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì náà kì í pẹ́ kú lẹ́yìn tó bá kúrò nínú ara.

Ní Cambridge, ní 1975, César Milstein, ọmọ Ajẹntínà, àti Georges Köhler, ọmọ Jámánì, rí ọ̀nà gbé e gbà. Wọ́n mú sẹ́ẹ̀lì apèsè-ántíbọ́dì láti inú ẹ̀yà ara kan tó wà lábẹ́ ẹfọ́nhà òsì èlírí, ẹ̀yà ara kan náà tó máa ń wú níkùn ọmọdé onísíkúlà. Wọ́n pa á pọ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, nítorí jẹjẹrẹ kì í mọ ìgbà tó yẹ kó kú. Ohun tó jáde níbẹ̀ jogún ìmọ̀ ilà lọ́dọ̀ ìyá, ó jogún ẹ̀mí gígùn lọ́dọ̀ bàbá. Wọ́n wá mú ẹyọ sẹ́ẹ̀lì kan, wọ́n jẹ́ kó máa pín, gbogbo ọmọ rẹ̀ sì ń tú ántíbọ́dì kan náà jáde láìsí àyípadà. Ọmọ ìyá ni gbogbo wọn, kò sí ọbàkan láàrin wọn. Monoclonal antibody ni àwọn dókítà ń pè é. Èmi á máa pè é ní ántíbọ́dì ọmọ-ìyá. Àwọn méjèèjì kò gba ìwé àṣẹ tí kò ní jẹ́ kí ẹlòmíràn lò ó. Ní 1984, wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel, àwọn àti Niels Jerne.

Èlírí nìkan kò tó. Bí a bá fẹ́ mọ ìkọ́ ara èlírí, a kò lè ní kí èlírí fúnra rẹ̀ ṣe ántíbọ́dì rẹ̀, nítorí ilà ojú ara rẹ̀ kò jọ ọ́ lójú bí àjèjì. Èkúté ńlá ni wọ́n lọ bá. Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ sẹ́ẹ̀lì èlírí, ara èkúté ka ilà náà sí àjèjì, ó sì pèsè ántíbọ́dì sí i. Timothy Springer, ọmọ Amẹ́ríkà tó lọ ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Milstein, ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1979, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ nípa èròjà kan lára sẹ́ẹ̀lì funfun èlírí tí wọ́n pè ní Mac-1. M1/70 ni orúkọ ántíbọ́dì tí wọ́n fi mú un, àwọn yàrá ìwádìí káàkiri ayé sì ń lò ó títí dòní. Ẹ fi Mac-1 yìí sọ́kàn.

Ní 1983, ní Stanford, Michael Gallatin, Irving Weissman àti Eugene Butcher tún gba ọwọ́ èkúté rí ántíbọ́dì MEL-14. Ẹ mọ kókó tó máa ń wú sí wa ní abíyá nígbà tí ọwọ́ bá légbò. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun kan ń wọ inú rẹ̀ lójoojúmọ́ láti inú ẹ̀jẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe ń dá ojúlé náà mọ̀. Nígbà tí MEL-14 bo ìkọ́ kan lára àwọn sẹ́ẹ̀lì èlírí yìí, wọn kò lè dì mọ́ ògiri iṣan inú kókó náà mọ́. L-selectin ni orúkọ ìkọ́ náà nísinsìnyí. Ó ní ọmọ ìyá méjì: E-selectin tó ń jáde lára ògiri iṣan, àti P-selectin tó ń sá pamọ́ sínú sẹ́ẹ̀lì ògiri náà bí ọ̀bẹ nínú àkọ̀, tó sì ń yọ síta láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ara bá ti gbọ́ ìbẹ̀rù.

Kí a tó lè wo iṣẹ́ àwọn ìkọ́ yìí nínú síkúlà, ìṣòro kan wà: èlírí kì í ní in. Ní 1997, ibi ìwádìí méjì ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan ní Berkeley, ọ̀kan ní Alabama, yọ ìtọ́ni hemoglobin èlírí kúrò, wọ́n fi ti ènìyàn, èyí tó ní S, rọ́pò rẹ̀. Àwọn ẹranko náà gba àrùn wa. Ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó, àwọn ẹ̀yà inú wọn bà jẹ́, wọn kì í pẹ́ láyé. Mi ò ní fi bò: ìyà ni wọ́n ń jẹ. Òfin wà lórí bí a ṣe ń lò wọ́n, wọ́n sì ń fún wọn lóògùn oorun kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn. Mo gbà pé ọmọ tó ń ké lóru ní Àpòmù tó ohun tí a fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ gbèsè tí a jẹ.

Ní New York, Paul Frenette àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ tẹ́ àwọn èlírí onísíkúlà yìí sábẹ́ awò, wọ́n ń wo ẹ̀jẹ̀ bó ṣe ń ṣàn nínú iṣan ẹran ara wọn láàyè. Ohun tí wọ́n rí, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2002, yí èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn padà. Kì í ṣe sẹ́ẹ̀lì dòjé ló kọ́kọ́ ń dí ọ̀nà. Sẹ́ẹ̀lì funfun ni. Yóò yé ẹni tó bá mọ ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ kíákíá: tírélà kan takú sójú títì, ọ̀kadà ń gbìyànjú láti rá pálá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n há, àwọn tó wà lẹ́yìn ń rọ́ wá. Sẹ́ẹ̀lì funfun tóbi ju pupa lọ. Bó bá lẹ̀ mọ́ ògiri, sẹ́ẹ̀lì pupa á lẹ̀ mọ́ òun náà, wọ́n á dúró, wọ́n á tẹ̀, ọ̀nà á dí. Nínú èlírí tí kò ní P-selectin àti E-selectin, ọ̀nà kò dí bẹ́ẹ̀. Ní 2009, Frenette àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún fi hàn pé Mac-1, tí Springer rí ní ọgbọ̀n ọdún ṣáájú, ni ọwọ́ tí sẹ́ẹ̀lì funfun fi ń gbá sẹ́ẹ̀lì pupa mú. Ní 1979, kò sẹ́ni tó ń rò ó pé ọ̀rọ̀ síkúlà ni Mac-1 máa já sí.

Kí n tó lọ síwájú, ẹ jẹ́ kí n ya ilé ibà díẹ̀. Kòkòrò ibà tó burú jù lọ ní ilẹ̀ wa náà mọ ọgbọ́n ìlẹ̀mọ́ra. Bó bá wọ sẹ́ẹ̀lì pupa, á yọ kókó síta lára rẹ̀, kókó náà á sì dì mọ́ ìkọ́ méjì, CD36 àti ICAM-1, lára ògiri iṣan, kó má baà bá ẹ̀jẹ̀ dé ibi tí ara ti ń run sẹ́ẹ̀lì tó ti bà jẹ́. Ántíbọ́dì ọmọ-ìyá wà lára ohun tí a fi mọ èyí. Ní Ìbàdàn, ní 1970, Lucio Luzzatto àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì AS tí kòkòrò ibà wà nínú rẹ̀ ń yára tẹ̀ ju èyí tí kò ní in lọ. Ìwádìí mìíràn ní 2008 rí i pé irú sẹ́ẹ̀lì AS bẹ́ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri. Ìdí nìyẹn tí S fi pọ̀ láàrin wa. Ohun tó gba AS lọ́wọ́ ibà ló ń dá SS lóró.

Oògùn wá jáde láti inú gbogbo èyí. Crizanlizumab ni wọ́n ń pè é, ántíbọ́dì ọmọ-ìyá tó ń bo P-selectin. Wọ́n ti tún un ṣe kó jọ ti ènìyàn, kí ara má baà kà á sí àjèjì. Inú iṣan ni wọ́n ń fà á sí, lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀. Nínú ìdánwò tí wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ìparí 2016, tí ènìyàn 198 kópa nínú rẹ̀, àwọn tó gba ìwọ̀n tó pọ̀ ní kíráísì (ìkọlù ìrora) 1.63 lọ́dún, àwọn tó gba oògùn òfo ní 2.98. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní oṣù kọkànlá 2019, Yúróòpù tẹ̀ lé e. Ní 2021, àwọn ọmọ wa ní Lọ́ńdọ́nù gbọ́ pé ìjọba yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn, inú wọn sì dùn.

Nígbà tó yá, èsì ìdánwò tó tóbi ju ti ìṣáájú jáde: crizanlizumab kò borí oògùn òfo. Ní 2023, Yúróòpù fagi lé ìwé àṣẹ rẹ̀. Ó dùn mí, àmọ́ mi ò rò pé èlírí purọ́ fún wa. Èrò tèmi ni pé ìkọ́ kan ni a bò, àwọn tó kù, E-selectin àti Mac-1 pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ wọn, ṣì ṣí sílẹ̀. Ẹni tó já eèmọ́ kan kúrò lára ṣòkòtò kò tíì dé ilé.

Nǹkan kan wà nínú ìdánwò àkọ́kọ́ yẹn tí mi ò lè gbójú fò. Amẹ́ríkà, Brazil àti Jamaica ni wọ́n ti ṣe é. Orílẹ̀-èdè tí a ti ń bí àwọn ọmọ yìí jù lọ láyé kò sí nínú rẹ̀. Mo bẹ àwọn tó wà ní Ìbàdàn àti Ifẹ̀, tí Àpòmù wà láàrin wọn: ẹ̀jẹ̀ tí ìbéèrè yìí wà nínú rẹ̀ ń wọ kíláńnìkì yín lójoojúmọ́. Ẹ bèèrè nípa ìlẹ̀mọ́ra rẹ̀ bí àwọn Ṣófowórà ṣe bèèrè nípa títẹ̀ rẹ̀ ní 1971.

Ní ti ẹ̀yin òbí, oògùn kan wà tí kì í ṣe abẹ́rẹ́ olówó ńlá. Hydroxyurea ni, kápúsù tí à ń gbé mì, tí Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí fún àgbàlagbà onísíkúlà láti 1998, tí ìdánwò ní Àǹgólà, Kóńgò, Kẹ́ńyà àti Ùgáńdà sì fi hàn ní 2019 pé ó dín ìrora àti ikú àwọn ọmọdé kù. Ó ń dín sẹ́ẹ̀lì funfun kù, ó sì ń dín ìlẹ̀mọ́ra kù pẹ̀lú. Ó nílò àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lóòrèkóòrè, nítorí náà ẹ má dá a lò. Bí ẹ bá gbé ọmọ yín lọ sí kíláńnìkì, ẹ dárúkọ rẹ̀ fún dókítà, kí ẹ sì bi í bóyá ó yẹ ọmọ yín.